Ìwé Ni Mo Kọ́kọ́ Gbé

Abéréke,
Ilẹ̀ Ìlàjẹ.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2011.

Tíṣà mi ọ̀wọ́n, Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè,

Mo kí yín, mo kí gbogbo ilé ní Ìkìrun. Mo gbà á ládùúrà pé kí orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́. Ara tèmi le, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ rárá.

Ẹ óò rántí àròkọ tí ẹ ní kí n kọ fún ìdíje àwa olùkọ́: àfiwé iṣẹ́ ọnà méjì tó ti lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún. Mo mú ìkòkò Igbo-Ukwu ti ilẹ̀ Ìgbò, èyí tí wọ́n fi idẹ ṣe okùn yí lára. Mo sì mú ojú ewé kan nínú Ìhìnrere tí àwọn mọ́ńkì, àwọn onígbàgbọ́ tó jẹ́jẹ̀ẹ́ láti dá gbé, fọwọ́ kọ ní erékùṣù kan lókè òkun, tí wọ́n ya okùn tó lọ́ mọ́ra sí. Ọ̀rọ̀ ńláńlá ni mo kó jọ. Ẹ fi gègé pupa kọ ọ́ sí i pé: “Tabitha, ta ló rí nǹkan wọ̀nyí, ìwọ ni àbí ìwé tí o kà?” Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi sunkún.

Ìgbà tó yá ni mo gbé àwòrán nǹkan méjèèjì lọ bá Iye mi, Rhoda, ìyá tó bí mi, tó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó fi ìka tọ okùn inú Ìhìnrere náà títí. Ó ní, “Okùn yìí kò lórí, kò nídìí. Ojú ni wọ́n ṣe é fún.” Ó wo ìkòkò: “Ẹni tó ṣe èyí ti di ẹrù rí.” Ọjọ́ yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí mo rí. Ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń kọ̀wé, n kò gbọ́ ohùn ara mi rí àfi ìgbà yẹn.

Tíṣà, ibi tó ń bà mí lẹ́rù ló kù yìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ọ̀nà omi fún ọkọ̀ elépo ni òkun ti ń jẹ ilẹ̀ wa bọ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wọlé. Ojú ewé tó gbẹ̀yìn ni mo ń kọ lọ́wọ́ tí omi fi gbé pákó ilẹ̀ sókè. Mo fi ọ̀rá wé àròkọ náà, mo gbé e lé orí, mo bẹ́ sínú ọkọ̀ Ọlọ́rundáre, aládùúgbò wa. Ó ní, “Iye rẹ dà?”

Mo nawọ́ sí ilé wa. Iye wà ní yàrá. Ọlọ́rundáre ló bẹ́ sómi lọ gbé e. Omi ti mù ún dé ọrùn. Wọn kò tíì jìnnà tí ògiri fi wó.

Ilé Ọlọ́rundáre la wà báyìí. Iye kò bá mi wí, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Àná ló ní kí n ka àròkọ náà fún òun. Nígbà tí mo kan ibi tí mo ti kọ nípa ìka rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “O rí ìka mi dáadáa.” Ó wá bi mí pé, “Èmi alára ńkọ́, Tabitha, o rí mi?”

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà mo kọ ojú ewé kan kún un, mo sọ ohun tí mo ṣe, n kò fi ọ̀rọ̀ ńlá bò ó. Òun ló wà nínú àpò ìwé yìí. Ẹ kà á, kí ẹ sọ fún mi bóyá ẹni tó kọ ọ́ ṣì ṣeé fẹ́ràn.

Kí Olúwa dá yín sí fún wa. Omi kò ní gbé ẹni yín lọ.

Èmi ni ọmọ yín nínú ẹ̀kọ́,
Tabitha Olówòkéré.

Àfikún: Iye ní kí n kí yín. Ó ní kí ẹ tètè fèsì, torí òpó ẹ̀yìn ilé tí a wà yìí ti wà nínú omi láti àárọ̀.