Pẹ́ẹ̀gì Tó Rọrùn fún Ọwọ́ Òsì

Ọjọ́ Ajé, 3 Èrèlé

Afẹ́fẹ́ tún ti ṣe mí. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun oníbàárà, tí mo ti fọ̀, tí mo ti rẹ sínú búlúù kó lè funfun dáadáa, inú ẹrọ̀fọ̀ ni mo ti bá a lẹ́bàá ògiri. Pẹ́ẹ̀gì méjèèjì tó dì í mú ti rún. Pẹ́ẹ̀gì ike tí wọ́n ń tà níta yìí — kí oòrùn pa á díẹ̀, ó ti gan. Èmi alágbàfọ̀, owó ìfọ̀ kan ni mò ń gbà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń fọ̀ ọ́.

Àbúrò mi fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì, òsì rẹ̀ ò sì lágbára. Kò lè tẹ pẹ́ẹ̀gì kankan kó lanu. Ó wá ń fi eyín là á. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Oṣù tó kọjá ló dé, pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo. Ó ní orí àtẹ̀gùn lòun ti ṣubú. Ilé tí òun àti Ẹni Yẹn ń gbé kò ní àtẹ̀gùn. Mo mọ̀, ó sì mọ̀ pé mo mọ̀. (Ẹni Yẹn ni ọkọ rẹ̀. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé mi.)

Mo ti pinnu. Màá ṣe pẹ́ẹ̀gì tèmi. Èyí tí afẹ́fẹ́ ò ní lè já, tí ọwọ́ òsì tí kò lágbára á sì lè ṣí.

Ọjọ́rú, 5 Èrèlé

Àkọ́kọ́. Igi kan ṣoṣo, mo ní kí káfíńtà òpópónà kejì la ẹnu rẹ̀ sí méjì. Ó dì táwẹ̀lì mú. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń yọ̀ bọ́ níbẹ̀. Káfíńtà ní ṣé kò sí iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni. Mo ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi, inú ẹrọ̀fọ̀ ló ń já bọ́ sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Èrèlé

Kaba olódòdó Àbúrò ti lọ. Mo wá a lẹ́yìn ògiri, mo wá a nínú gọ́tà, mo wo orí igi. Mo tiẹ̀ gòkè lọ bi Ìyá Òkè — ìyá àgbà tó ń gbé lókè wa — bóyá afẹ́fẹ́ gbé e wọ bákónì wọn. Wọn ò rí i.

Àbúrò ní, "Afẹ́fẹ́ ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ fi sílẹ̀." Kò tiẹ̀ jáde wá wò ó. Kaba tí èmi fúnra mi rán fún un. Mo bú afẹ́fẹ́ títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Èrèlé

Afẹ́fẹ́ láti àárọ̀. Àbúrò jókòó ti fèrèsé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Èrèlé

Èkejì. Igi méjì, sípíríǹgì láàárín. Káfíńtà ló lọ́ wáyà mọ́ ìṣó títí ó fi di sípíríǹgì. Pẹ́ẹ̀gì náà bù mí jẹ — èékánná àtàǹpàkò mi ti dúdú. Ó di aṣọ mú o, kò sí irọ́ níbẹ̀. Mo gbé e fún Àbúrò. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọṣẹ ló ta sí òun lójú.

Mo jù ú sórí ààtàn. Ohun tó ń di èèyàn mú tí kò ṣeé bọ́ nínú rẹ̀, ta ló fẹ́ ẹ? A ti ní irú rẹ̀ kan nínú ẹbí.

Káfíńtà ronú sí i. Ó ní ìrù ló kúrú. Ó ní kí ìrù gùn, kí sípíríǹgì sún mọ́ ẹnu, ọmọdé á ṣí i. Ó gbọ́n, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún un, kó má baà fi owó lé iṣẹ́.

Tèmi: rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́. Màá gé e, màá tẹ́ ẹ sẹ́nu rẹ̀. Aṣọ tó bá ti rí rọ́bà ò ní yọ̀, kò ní nílò kí a fún un lọ́rùn.

Ọjọ́bọ̀, 13 Èrèlé

Búláósì búlúù Àbúrò. Síkẹ́ẹ̀tì dúdú náà. Méjèèjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ àwọn oníbàárà pé sórí okùn, títí dórí ìbọ̀sẹ̀. Afẹ́fẹ́ wo ló ń ṣa aṣọ ẹnì kan mú? Mo ní olè ni.

Ìyá Òkè pè mí sídìí àtẹ̀gùn. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn rí ọkùnrin kan lórí alùpùpù ní ìkángun òpópónà, ní ìjẹta àti lánàá. Kò sọ̀ kalẹ̀, kò pa ẹ́ńjìnnì, ọgbà wa ló ń wò. Mo ní báwo ló ṣe rí. Wọ́n ní fìlà bò ó lójú, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ kan wọ́lẹ̀ ju èkejì lọ.

Mo mọ èjìká yẹn. Ẹni Yẹn ni.

Mo sọ fún Àbúrò. Ó ń ká aṣọ. Kò gbójú sókè. Ó ní alùpùpù pọ̀ nígboro. Mo ra àgádágodo tuntun sí géètì, mo so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn mi. Ògiri wa ò ga, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju ká la ojú sílẹ̀ lásán. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Èrèlé

Ẹ̀kẹta. Ìrù gígùn, rọ́bà lẹ́nu, ojú ihò kékeré tí okùn ń wọ̀ kó má baà yẹ̀.

Àbúrò fi àtàǹpàkò òsì nìkan tẹ̀ ẹ́. Ó lanu. Ó jẹ́ kó padé. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó wá fi há mi nímú, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ — ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tó ti dé. Ó sọ ọ́ ní Má-jẹ́-kó-lọ. Mo ní orúkọ gùn ju pẹ́ẹ̀gì lọ. Inú mi dùn débi pé mo jó yí garawa ká, èmi àgbàlagbà.

Ìwà rẹ̀ kan ń bí mi nínú ṣá. Bó bá ká aṣọ, orí okùn ló máa ń dá pẹ́ẹ̀gì padà sí, ojú ibi tó ti yọ ọ́ gan-an. Èmi, inú agolo ni mò ń kó wọn sí kí oòrùn má baà jẹ rọ́bà. Láti kékeré ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Màá sọ, màá sọ, á tún ṣe é. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, ó ti di ọṣẹ nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 17 Èrèlé

Ìjì. Ó ṣí páànù ilé kejì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo okùn — àwọn aṣọ ń fò, wọ́n ń jà, wọ́n ń lọ́ mọ́ra. Ọ̀kan ò já. Ìyá Òkè ń pàtẹ́wọ́ ní bákónì wọn. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní tiwọn.

Mo ní kí káfíńtà gbẹ́ ẹ púpọ̀. Oúnjẹ lè wà nínú èyí fún èmi àti Àbúrò. Kò ní sí ìdí kankan tó fi máa padà sọ́dọ̀ Ẹni Yẹn.

Ọjọ́rú, 19 Èrèlé

Nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì. Ọwọ́ náà tín-ín-rín, ó sì wọ́ díẹ̀ níbi ọrùn ọwọ́.

Àbúrò fọ báńdéèjì ọ̀hún, ó sá a. Àbàwọ́n búlúù wà létí rẹ̀, láti inú garawa mi. Mo ní kó sọ ọ́ nù. Ó ní ó ṣì dára, èèyàn ò mọ ọjọ́ tó máa wúlò. Mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Mo gé báńdéèjì náà sí wẹ́wẹ́, mo fi ń nu ojú áyọ́ọ̀nù.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Èrèlé

Mo bá a lẹ́yìn táǹkì omi, fóònù létí, ohùn jẹ́jẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rí mi, ó pa á. Ó ní wọ́n ṣi nọ́ńbà pè ni. Èèyàn kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ṣi nọ́ńbà pè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Èrèlé

Kò sí afẹ́fẹ́ lónìí. Ewé kan ò mì.

Mo jáde lọ ká aṣọ. Kaba aláwọ̀ ewé, èyí tó kù fún Àbúrò láti wọ̀ jáde, kò sí níbẹ̀. Pẹ́ẹ̀gì méjèèjì wà lórí okùn. Wọ́n padé. Ojú ibi tí mo ti fi há kaba náà gan-an ni wọ́n wà.

Mo dúró síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í dá pẹ́ẹ̀gì padà sórí okùn. Olè pàápàá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń ṣe é.

Mo wọlé, mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Báàgì tó gbé wá wà níbẹ̀. Mo gbé e, ó fúyẹ́. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ti ń na aṣọ sí Ẹni Yẹn lórí ògiri, ẹyọ kan, ẹyọ kan, èmi sì jókòó, mò ń tún pẹ́ẹ̀gì ṣe.

Mo bá a nílé ìdáná, ó ń fọ àwo. Ọ̀rọ̀ tò sẹ́nu mi. Èyí tó jáde ni, "Ṣé o ti jẹun?"

Ọjọ́ Àìkú, 23 Èrèlé

Mo bi í. Kò sẹ́.

Ó ní Ẹni Yẹn ti yí padà. Ó ní ó sunkún lórí fóònù. Mo ní ẹni tó ń fi alùpùpù ṣọ́ ilé onílé ò tíì yí síbì kankan. Mo ní kí ló dé tó fi ń ṣe é bí olè, ṣé aṣọ rẹ̀ kọ́ ni. Ó ní bí òun bá gbé báàgì jáde lójú mi, màá dì mọ́ géètì. Ó ní, "Ẹ wo kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn yín, Ẹ̀gbọ́n mi. Òun náà máa ń so tiẹ̀ mọ́ ọrùn."

Mo fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ náà.

Ó ní kí n má bínú pé òun jẹ́ kí n máa bú afẹ́fẹ́. Ó ní inú mi ń dùn sí iṣẹ́ pẹ́ẹ̀gì yìí, òun ò fẹ́ bà á jẹ́. Ìgbà yẹn ni mo sunkún. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá wa kú. Ẹ̀yìn mi yìí ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Mo bi í pé, bó bá tún ṣẹlẹ̀, báwo ni màá ṣe mọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọkùnrin yẹn á máa jókòó ti fóònù rẹ̀? Ó mú pẹ́ẹ̀gì kan lórí tábìlì. Ó ń ṣí i, ó ń pa á dé, ó ń ṣí i. Kò dáhùn.

Mo bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, mo fi kọ́ ìṣó ẹnu ọ̀nà. Mi ò lè di Ẹni Yẹn kejì fún un. Bóyá ọgbọ́n ni mo gbọ́n, bóyá mo gọ̀ ni, mi ò mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 24 Èrèlé

Ó ti lọ. Àwọn pẹ́ẹ̀gì tò lórí okùn, gbogbo wọn padé, wọn ò di nǹkan kan mú. Ọ̀kan ò sí níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 27 Èrèlé

Fóònù rẹ̀ ń dún. Kò gbé e.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Ẹrẹ́nà

Ó gbé e. Ó pè mí ní "màdáámù", bí ẹni tó ń bá alágbàfọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní àlàáfíà ni, kò sí aṣọ láti fọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń mí nítòsí rẹ̀. Ó pa á.



Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Ẹrẹ́nà

Káfíńtà kó pẹ́ẹ̀gì dé, ẹ̀kún àpò kan. Wọ́n dán, wọ́n dọ́gba. Ìyá Òkè mú tiwọn, wọ́n súre fún mi. Káfíńtà ní ṣé iṣẹ́ òun ò tẹ́ mi lọ́rùn ni. Mo ní ó tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì bú sẹ́kún níwájú rẹ̀. Ó dúró, kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ sí. Nígbà tó ń lọ, ó ní bí nǹkan kan bá wà tó ju ọ̀rọ̀ pákó lọ, kí n pe òun.

Ọjọ́bọ̀, 6 Ẹrẹ́nà

Mo gba òpópónà Ẹni Yẹn. Mo purọ́ fún ara mi pé aṣọ oníbàárà ni mò ń gbé lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí oníbàárà mi kankan lápá ibẹ̀.

Ògiri wọn ò ju àyà èèyàn lọ. Alùpùpù ò sí nílé. Okùn ìsáṣọ wọn gùn láti ojú fèrèsé títí dé etí ọ̀nà. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀, gbogbo wọn lórí pẹ́ẹ̀gì ike. Kò sí kaba kan níbẹ̀. Ní ìkángun, níbi tó sún mọ́ ọ̀nà jù lọ, pẹ́ẹ̀gì onígi kan. Ìrù gígùn.

Báńdéèjì ló dì mú. Funfun báláú, tuntun. Kò ní àbàwọ́n búlúù. Èyí tó ní in ti di ìnujú áyọ́ọ̀nù nílé mi. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ó ń fà á jáde kọjá ògiri sójú ọ̀nà, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá á ti tó o. Kò já. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pé ò nílò pẹ́ẹ̀gì yẹn.

Mo pe orúkọ Àbúrò jẹ́jẹ́. Aṣọ ojú fèrèsé mì. Fèrèsé náà wà ní títì. Àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn ilé, ìta ni wọ́n ti tì í.

Mo pe Káfíńtà lórí fóònù bí mo ṣe ń sáré bọ̀ wálé. Káfíńtà ti dé, ó mú irin tó fi ń fa ìṣó yọ lọ́wọ́. Ìyá Òkè ń pe ọlọ́pàá láti bákónì wọn, mò ń gbọ́ ohùn wọn, wọ́n ń sọ orúkọ òpópónà náà léraléra. Ìdúró ni mo ti ń kọ èyí. Mo bi Àbúrò báwo ni màá ṣe mọ̀. Ó ti dá mi lóhùn.

A ti ń lọ. Mo fi géètì wa sílẹ̀ ní ṣíṣí.