Ẹ̀rọ Tó Ń Sàmì sí Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Olúwa á máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé yín. Tí o bá bi mí léèrè, mo ṣì ń mí, ara mi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

A ti lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí o ní kí n gbé ìyá rẹ lọ. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n bi mí níbẹ̀ bóyá irin wà lára aláìsàn. Mo kọ ọ́ pé irin wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rẹ́ ẹ jẹ, ṣùgbọ́n irin náà ti tán láti èṣí. Nọ́ọ̀sì kà á, kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí èmi náà tú irin ara mi sílẹ̀, o sì mọ̀ pé télọ̀ ni bàbá rẹ, píìnì méje ni wọ́n bá lọ́rùn ẹ̀wù mi. Òrùka ìgbéyàwó ìyá rẹ kò fẹ́ yọ, ọṣẹ ni wọ́n fi yọ ọ́. Bó ṣe yọ báyìí ló wojú mi, ó ní bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá òun sọ fún ọkọ òun pé ibí lòun wà.

Dókítà, ọmọbìnrin kan tí kò jù ọ́ lọ, ní àwọn fẹ́ wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú ọpọlọ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má gún un. Ó ní kò sí abẹ́rẹ́, kò sí oògùn kankan, ẹ̀rọ ló máa sàmì sí ẹ̀jẹ̀ níbi ọrùn, wọn á wá wo ibi tó dé nínú orí àti ibi tí kò dé. Mo bi í pé irú ṣọ́ọ̀kì wo ni wọ́n fi ń sàmì sí nǹkan tó ń ṣàn. Ó ní agbára irin tó ń fa irin ni, pé kí èèyàn tó ṣẹ́jú bíi mélòó kan, àmì náà á ti pa rẹ́. Ọmọ mi, ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ ń dúró lára ṣòkòtò títí wọ́n á fi fọ̀ ọ́.

Ẹ̀rọ náà pariwo bí ẹni ń lu páànù. Nígbà tó yá, wọ́n fi àwòrán hàn mí, apá kan dúdú bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ kì í débẹ̀ dáadáa mọ́. Mo ní kí wọ́n dá a padà sínú ẹ̀rọ, kó bá wa ti ẹ̀jẹ̀ náà débẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ náà kì í ti nǹkan kan, wíwò ló ń wò. Mo ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tèmi kún un. Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò kéré, ọ̀nà ló dí. Oògùn wà tí kò ní jẹ́ kó tètè burú sí i, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti lọ. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

Ní báyìí, àràárọ̀ ni ìyá rẹ ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi bí oníbàárà, á kí mi kú iṣẹ́, á ní kí n bá òun rán aṣọ. Mo máa ń gbé téèpù, mo máa ń wọ̀n ọ́n. Ó ń rù, ọmọ mi.

Jọ̀ọ́, fi owó oògùn ránṣẹ́. Má fi sínú fóònù, olè wà níbẹ̀, wọ́n ní wọ́n ń jí owó inú rẹ̀ láìfọwọ́ kan fóònù. Gbé e wá fúnra rẹ. Lánàá ìyá rẹ dárúkọ rẹ, ó pè é já gaara, mi ò mọ̀ nípa ọ̀la. Má dúró de ìsinmi.

Olúwa kò ní jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́ jù láyé wojú rẹ, kó máa bi ọ́ pé ta ni ọ́. Àmín.

Bàbá rẹ ni.