Ẹ̀rọ Nìkan Ni Òyìnbó Bẹ̀bẹ̀ Fún

Jímọ̀, oṣù kẹsàn-án, 1968

Ó rẹ̀ mí. Òyìnbó tó ni ilé-iṣẹ́ ìwakùsà tí ọ̀tá ti gbà nínú ogun yìí ló wá sí ọ́fíìsì ìjọba wa lónìí. Ó ń bẹ ìjọba kí àwọn sọ́jà wa má ju bọ́ǹbù sí ẹ̀rọ òun tó wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi ní kó yéé sanwó orí fún ọ̀tá ná. Títí a fi dìde lọ kírun, kò sẹ́ni tó dárúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó há síbẹ̀.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wà nínú wọn.

Bí mo ṣe wọlé, ẹ̀gbọ́n mi, tó ti gbọ́ lẹ́nu mi pé òyìnbó ń bọ̀, ní, "Ràímì, kí ni òyìnbó wí?"

Mo ní, "Ó ní àlàáfíà ni gbogbo wọn wà."

Mo kàn fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi lè sùn ni. Wọ́n ti rẹ ẹ̀wà àkàrà báyìí fún sàráà ọpẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́la. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ pe àwọn ààfáà.