Ìwé Orúkọ Tí Wọ́n Tún Pa Dé

Odessa ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ rẹ méjèèjì. Ọlọ́run tó mú wa la omíyalé oṣù kẹta já ni yóò mú ẹsẹ̀ rẹ dúró ní Memphis níbẹ̀. Ara màmá rẹ ti yá, orúnkún nìkan ló kù. Owú ṣe dáadáa ní Mississippi níbí lọ́dún yìí, àmọ́ kì í ṣe tiwa.

Nígbà tí o sọ lórí fóònù pé ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti pa ìwé orúkọ àwọn tó ń dúró de ìrànlọ́wọ́ owó ilé dé ní Memphis, mo rò pé o pẹ́ kí o tó débẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o máa tètè jí. Má bínú. Ìgbà tí rédíò wá sọ pé wọn yóò ṣí ti ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí fún ọjọ́ méjì péré, pé ẹni tó ń gbé níbikíbi lè fi orúkọ sílẹ̀, mo gbé àga tí mo fi ń pẹja, mo gbé kọfí, mo sì ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́, inú mi dùn. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, èmi náà ni ẹni ìkẹyìn. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní, Baba, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń tò, àwọn tó wà níwájú yín á ti tó ẹgbẹ̀rún méjì.

Corrine tó ń tọ́jú ilé ìkàwé ló bá mi fi orúkọ rẹ sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà náà bi mí bóyá ènìyàn ni mí àbí ẹ̀rọ. Mo ní kó sọ fún un pé díákónì ni mí. Ó bi mí pé ẹ̀yin mélòó lẹ wà nínú ilé, mo ní mẹ́ta, ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ, mo fi kún un pé èmi àti màmá rẹ máa ń wá nígbà Kérésì, kó má baà dà bíi pé a purọ́. Corrine pa ìyẹn rẹ́. Ó wá sọ pé kọ̀ǹpútà yóò ṣẹ́ kèké mú igba ènìyàn. Ọkàn mi dàrú, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé n kò ta tẹ́tẹ́ rí. Mo lọ bá pásítọ̀. Ó ní ẹni tó ń wá ibi tí yóò sùn kì í ṣe atatẹ́tẹ́.

Odessa, kèké mú ọ. Lẹ́tà tó sọ bẹ́ẹ̀ dé sọ́dọ̀ mi lóṣù tó kọjá. N kò tètè sọ, mo fẹ́ kó dájú kí n tó pè ọ́. Màmá rẹ ti ń di èso píìṣì sínú ìgò fún ilé tuntun rẹ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni obìnrin ọ́fíìsì náà pè. Ó ní owó tí ìjọba àpapọ̀ fi ránṣẹ́ ti dín, kò tó fún àwọn tó ti wà nínú ilé pàápàá, wọn ò lè fún ẹnikẹ́ni tuntun, wọ́n sì ti pa ìwé orúkọ dé padà. Mo ní ṣé ẹ ti pa orúkọ ọmọ mi rẹ́ ni? Ó ní rárá, ó ṣì wà níbẹ̀, kí ẹ máa dúró. Mo ní dìgbà wo? Ó ní èmi ni ẹni kẹtàdínlógójì tí òun pè láàárọ̀ yẹn. Mo ní pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Onílé rẹ ní kí o jáde níparí oṣù. Yàrá ẹ̀yìn wà níbí, mo ti pààrọ̀ pákó ilẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ ilé ìwé sì máa ń dúró lóríta. Tí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún gíláàsì fèrèsé. Má fi í sínú fóònù o, n kò mọ ihò tó máa gbà jáde, àpòòwé ni kí o lò. Tí kò bá sí, má yáwó, a ó fi kúbùsù bo fèrèsé náà.

Mo mọ̀ pé o búra pé o ò ní padà wálé. Mo ti rò ó dáadáa. Wọ́n ní kí o dúró, wọn ò sọ ibi tí o máa ti dúró. Wá dúró lọ́dọ̀ wa.

Ilẹ̀ kò ní le mọ́ àwọn ọmọ rẹ lẹ́sẹ̀. Ibi tí wọ́n bá sùn, àlàáfíà ni wọn yóò bá jí.

Bàbá rẹ,
Thaddeus Gentry