Abuela Kejì

Àrẹ̀mọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ìyá ìyàwó rẹ tó wá ń bá yín gbé ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilé yín gbóná, ilẹ̀kùn iṣẹ́ rẹ kò sì ní tì. Ìyàwó káfíńtà ti bí ìbejì, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Àbúrò rẹ tó ń ránṣọ náà ti bí obìnrin, orí ọmọ ọ̀hún jọ tìrẹ gan-an, ó gùn bí ìbẹ́pẹ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ ń pè ní Sọ̀rọ̀púpọ̀ ti lọ́kọ, ọkọ la sì ń ṣàánú. Gbogbo wa, èmi, káfíńtà àti Sọ̀rọ̀púpọ̀, la jọ ń kàwé ní kíláàsì àwọn àgbà. Tísà ní èmi ni mo mọ̀wé jù níbẹ̀, n kò sì bá a jiyàn, nítorí a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni.

Fídíò ọmọ rẹ tó ń ka iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀, tí o fi ránṣẹ́, dé. Mo nu ojú fóònù kí ọmọ lè rí mi dáadáa, mo kí i, mo béèrè oorun àná, kò dá mi lóhùn, ó kàn ń bá èdè Sípáníìṣì rẹ̀ lọ. Mo ní irú ẹ̀kọ́ ilé wo rèé? Tísà ní fídíò kì í gbọ́ ohun tí a bá sọ sí i. Mo dárí jì í.

Ọ̀rọ̀ kan ni kò kúrò lẹ́nu ọmọ náà: abuela, abuela. Tísà, tó gbọ́ èdè náà díẹ̀, ní ìyá àgbà ni. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní kó kọ ọ́ sára pátákó fún mi. Bó bá di méjì, wọ́n á fi s há a nídìí. Bó bá jẹ́ tẹni, wọ́n á fi mi sí i, mi tiwa yìí náà ni, àmọ́ tiwa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, tiwọn ń ṣáájú: mi abuela. Mo ní àwọn èèyàn yìí mọ̀wà hù, kí wọ́n tó dárúkọ àgbà, wọ́n á kọ́kọ́ sọ pé àwọn ló ni ín. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi lo ọ̀rọ̀ náà bí ẹni wọ bàtà tuntun: abuela ń gbálẹ̀, inú ń bí abuela, ẹ fún abuela lága.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ní kí tísà túmọ̀ ìyókù. Ó ní ọmọ náà sọ pé òun ní abuela méjì. Mo ní òótọ́ ni. Ó ní ọ̀kan ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ sì yíjú, ó nawọ́ sí ìyá ìyàwó rẹ tó jókòó sórí àga onítìmùtìmù. Mo ní kò burú. Nígbà tó kan abuela kejì, tísà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó ní ọmọ ní èkejì jìnnà ni. Àmọ́ fóònù káfíńtà ń túmọ̀ èdè, fóònù ọ̀hún kò sì mojú ẹnikẹ́ni. Ó ní èkejì ti kú.

Sọ̀rọ̀púpọ̀ ní kí káfíńtà pa fóònù náà.

Àrẹ̀mọ mi, tísà tiwa kì í gbà kí a kọ gbólóhùn tí kì í ṣe òótọ́. Mo kọ ọ́ nígbà kan pé mo ní ewúrẹ́ mẹ́ta, ó wá sílé, ó bá méjì, ó fagi lé e. Nítorí náà mo mọ̀ pé tísà ọmọ rẹ náà á ti wádìí. Ọ̀dọ̀ ta ló ti wádìí? Mo gbìyànjú láti gbèjà rẹ, mo ní bóyá ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn ló ń wá òkú, tí wọ́n sì fi èmi dí i. Ṣùgbọ́n mo ní kí káfíńtà tún un ṣí. Nígbà tí ọmọ pa mí, kò sẹ́ni tó ta pútú nínú yàrá yẹn. Ìyá ìyàwó rẹ pàtẹ́wọ́. Ìwọ tí o di fóònù mú, mo gbọ́ ohùn rẹ, ohùn tí mo fi ọmú tọ́, o ní ó káre, ó pé.

O ti ní kí n má tíì wá, pé ẹ ń kun yàrá, mo gbà. O ní ọmọ ń ṣèdánwò, mo gbà. Ṣé òkú ń wọkọ̀ wá kí ọmọ ni? Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Tèmi dàgbà, ọmọ ní ó ti kú.

N kò bínú sí ọmọ, ohun tí a kọ́ ọ ló kà. Sọ fún un, ní èdè yòówù tó bá gbọ́, pé abuela kejì ń bẹ láyé, eyín rẹ̀ ku díẹ̀ àmọ́ ó ń kàwé. Kó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, kó fọwọ́ kàn mí. Bí ojú bá ń tì ọ́, kí ìyá rẹ̀ mú un wá.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọmọ rẹ ka irú gbólóhùn yìí nípa rẹ nígbà tí o ṣì ń mí. Wàá jèrè ọmọ jù mí lọ.

Èmi ni ìyá rẹ, mo wà láàyè.

Kí o má baà ní owó ọkọ̀ ni kò sí, mo ti kó o fún obìnrin tó ń fi fóònù fowó ránṣẹ́. Mo fi yíǹkì tẹ ìka sí igun owó kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá fún ọ ní èyí tí kò ní ìka mi, má gbà á. Inú owó tí mo ń tọ́jú fún ìsìnkú mi ni mo ti yọ ọ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún náírà.