Tòmátì Tí Mo Fi Òwú So

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú òtútù ọ̀hún. Mo kí ìyàwó yín àti ìkókó. Orúnkún ń dun Màmá díẹ̀. Ara Bàbá le, wọ́n ṣì ń hanrun débi pé eku ti kó kúrò nílé.

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Ọgbà ẹ̀yìnkùlé wọn ti kú, èmi ni mo sì pa á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi wà ní ọsibítù, bọ́ọ̀lù ni mò ń gbá, mi ò bomi rin ín. Nígbà tí wọ́n dé, wọn ò jẹ nǹkan kan, àfi tòmátì ọgbà wọn ni wọ́n ń bèèrè. Ni mo bá ra mẹ́fà lọ́jà, mo fi òwú so wọ́n mọ́ igi gbígbẹ.

Wọ́n ní ká gbé àwọn jáde. Wọ́n já ọ̀kan, òwú tẹ̀ lé e.

"Ìwọ jàgùdà yìí, ìgbà wo ni tòmátì kọ́ iṣẹ́ télọ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, omi rẹ̀ ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ wọn, wọ́n wá kó kóró rẹ̀ fún mi pé kí n gbìn ín.

Ó ti hù. Oṣù mẹ́ta ni yóò fi so, dókítà sì ní ìyá àgbà ò lè lo oṣù kan mọ́. Màmá ní kí n má sọ fún yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fowó ránṣẹ́, ẹ wá fúnra yín. Ojoojúmọ́ ni mò ń bomi rin ín bí ẹni ń paná, síbẹ̀ kò yára.

Kí Ọlọ́run mú yín délé bá wọn láyé.

Àbúrò yín,
Jàgùdà