Òun Gé E Wọ́, Èmi Rán An Tọ́

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Ṣé ara rẹ le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ara tèmi le, mo dúpẹ́. Ti bàbá rẹ ni mi ò mọ bí n óò ṣe sọ.

O kọ̀wé pé o ti rí ẹni tí o fẹ́ fẹ́, pé ìwà yín dọ́gba bíi tèmi àti bàbá rẹ: kì í yọ ìwọ lẹ́nu, ìwọ náà kì í yọ òun lẹ́nu, ẹ ò sì jà rí. Ó yẹ kí inú mi dùn, àmọ́ ńṣe ni àyà mi já.

Ohun tó fà wá mọ́ra náà nìyẹn. Nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, àwọn yòókù á máa ṣàríyá, àwa méjèèjì á dákẹ́ sídìí iṣẹ́. Mo ní háà, irú mi rèé! Nígbà tí a ní ṣọ́ọ̀bù tiwa, òun ń gé aṣọ, èmi ń rán an. “Ìbejì” ni àwọn oníbàárà ń pè wá, ó sì máa ń dùn mọ́ mi.

Lọ́dún tó kọjá, sísọ́ọ̀sì bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lójú ìlà. Mo mọ̀ pé ojú rẹ̀ ló fà á. Mi ò fẹ́ kí ìtìjú bá a, ni mo bá ń fi rírán tún un ṣe. Ibi tó bá gé wọ́, màá rán an tọ́. Aṣọ ń jáde, ó ń gún régé, kò sẹ́ni tó fura.

Àfìgbà tó gé ìka ara rẹ̀ lóṣù tó kọjá ni a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà ní ká ní a tètè wá ni, òun ìbá rí nǹkan ṣe sí i. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bàbá rẹ ò ríran mọ́, ọmọ mi.

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, ó di apá mi mú, ó ní, “Ìyàwó mi, o ti mọ̀, àbí?” Mo ní mo mọ̀. Ó ní, “Èmi náà mọ̀ pé o mọ̀. Mò ń rí i lára aṣọ tí o tún ṣe nígbà náà. Mi ò fẹ́ kí o dààmú ni.”

Mi ò ní kí o má fẹ́ ọmọkùnrin náà o. Ẹni tó jọni ló ń wuni. Àmọ́ jọ̀ọ́, máa bi í léèrè ọ̀rọ̀. Tó bá ní kò sí nǹkan, tún bi í. Tí nǹkan bá ń dùn ọ́, pariwo! Kódà, ẹ jà.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé rẹ tòrò. Ìbànújẹ́ ò ní í bá ọ gbélé. Ojú rẹ ò ní í ríbi.

Èmi ìyá rẹ, tó ń retí ohùn rẹ.

Mo gbàgbé: bàbá rẹ wà ní yàrá kejì báyìí, ó ń sunkún. Ó rò pé mi ò gbọ́. Èmi náà ń sunkún níbí, mo fi aṣọ bo ẹnu kó má baà gbọ́. Mo ti dìde pé kí n lọ bá a, mo tún padà jókòó.